Ipò Wo Ni Àṣàbí Fi Í Sí?

Tí ènìyàn bá sọ pé òun ń gbé ní ìlú òkèèrè, òtútù àti yìnyín ni wọ́n máa ń bi í léèrè. Ìlú òkèèrè tèmi kò ní yìnyín. Ìkòtún ni. Kétu ni mo ti wá, Kétu ti ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ tí àwọn àgbà ṣì ń pè ní Dàhòmì, mo sì ti pẹ́ níbí ju bí mo ṣe pẹ́ nílé lọ.

Mo ti rò pé yóò rọrùn. Èdè kan náà kúkú ni. Ìyẹn gan-an ló kọ́kọ́ dà mí láàmú. Láti Ìkòtún dé Ìgándò, èdè ìyá mi ni gbogbo ènìyàn ń sọ, ṣùgbọ́n bí mo bá ti la ẹnu, wọn a yíjú wò mí bí ẹni pé ewúrẹ́ ló sọ̀rọ̀.

Ibi iṣẹ́ mi àkọ́kọ́ ni ilé alájà méjì kan ní Ìṣẹ̀rí-Olófin. Táìsì ni mo bá wọn tẹ́ níbẹ̀.

"Níbo lo ti wá?" ni fọ́mánì bi mí.

"Kétu, sà."

"Kétu wo? Ti Máìlì Twelve?"

"Rárá, sà. Kétu ti ọ̀hún. Ti ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀."

"Ẹ ò rí i? Kútọnu ni. Mo ti mọ̀ látẹnu ẹ̀."

Mo ní Kútọnu jìnnà sí wa. Mo ní ọmọ ọba kan láti Ifẹ̀ ló tẹ ìlú wa dó, ọmọ Odùduwà ni wá.

"Odùduwà tiẹ̀ ń sọ Faransé nìyẹn," ni fọ́mánì wí. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, nítorí ó pa ènìyàn lẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, Kútọnu ni orúkọ mi. Bí tírówẹ̀lì ẹnikẹ́ni bá sọnù, àpò mi ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń tú. Nígbà tó yá, mo ń tú u sílẹ̀ fúnra mi kí wọ́n tó béèrè. N kò bá wọn jiyàn. Ẹni tí kò ní ènìyàn níbì kan kì í jiyàn níbẹ̀.

Dọ́pẹ̀mú ni mo ti pàdé Àṣàbí. Ó ń lọ aṣọ ní ilé ìfọṣọ kan. Mo gbé ṣòkòtò kan lọ síbẹ̀, mo kí i. Ó dá áyọ́ọ̀nù dúró, ó ní, "Ẹ tún mi kí." Mo tún un kí.

"Ọmọ Kétu ni yín," ó ní. "Ẹ ò lè fi pamọ́."

Ọmọ ibẹ̀ ni òun náà. Ó ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ níbí, ó sì ń fi ti Èkó dá àwọn oníbàárà lóhùn. Ó yí i padà sí ti ilé fún mi. Mo dúró níbẹ̀ títí aṣọ ẹlòmíràn fi fẹ́ẹ̀ jó lábẹ́ áyọ́ọ̀nù rẹ̀.

N kò lọ sí ilé ìwé ní kékeré. Faransé ni wọ́n fi ń kọ́ni nílé, oko ni bàbá mi sì mú mi lọ. Àṣàbí ló forúkọ mi sílẹ̀ ní ilé ìwé àgbà tí wọ́n ń ṣe ní ìrọ̀lẹ́ ní Ẹgbẹ́dá. Mo jókòó lórí àga àwọn ọmọ kékeré, orúnkún mi ga ju tábìlì lọ. Ṣùgbọ́n inú fíìmù ni mo ti kọ́ ìwé kíkà jù. Àwọn fíìmù Yorùbá máa ń ní ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì nísàlẹ̀. Ohun tí wọ́n ń sọ yé mi, nítorí náà mo lè mọ ohun tí wọ́n kọ. Òṣèré kan wà tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ rọrùn láti kà ju ti gbogbo wọn lọ, nítorí kì í yára sọ̀rọ̀. Àlàní Pẹ̀lẹ́ ni à ń pè é nílé wa. Bó bá sọ gbólóhùn kan, èmi yóò ti kà á tán kó tó sọ èkejì.

Ní ọjọ́ kan, bọ́ọ̀sì gbé wa dé ibùdókọ̀ Command, mo sì rí i pé mo ti ka pátákó ibẹ̀ kí kọ̀ndọ́ tó pe orúkọ rẹ̀. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni nínú ọkọ̀. Mo bọ́ sílẹ̀, mo tún un kà.

Ọlọ́run kò fún èmi àti Àṣàbí lọ́mọ. Ohun tí a ní ni iṣẹ́, yàrá kan àti pálọ̀ ní Ìkòtún, àti Àlàní Pẹ̀lẹ́. Ipò márùn-ún ló wà fún àwọn fíìmù rẹ̀. Bí fíìmù rẹ̀ tuntun bá dé, a gbọ́dọ̀ fi í sí ipò kan lọ́jọ́ náà, tàbí kí a sọ pé kò yẹ. Bí ọ̀kan bá wọlé, ọ̀kan gbọ́dọ̀ jáde.

Èyí tó ti ṣe mẹ́gáàdì ni Àṣàbí fi sí ipò kìíní. Ọkùnrin kan kọ́ ilé, ilé náà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó padà wá ṣọ́ géètì rẹ̀ fún ẹni tó rà á, kò sì sọ fún onítọ̀hún láéláé. Àṣàbí ní ọ̀nà tó gbà ń ṣí géètì náà ni ká wò: ó máa ń fi ọwọ́ kan gbé e díẹ̀ sókè, nítorí òun nìkan ló mọ ibi tó ti há. Èyí tó ti ṣe télọ̀, tó wà ní ipò kejì, ni mo fẹ́ràn jù. Ó rán aṣọ ìgbéyàwó fún ọmọ rẹ̀ obìnrin tí kò pè é wá síbi ìgbéyàwó. Ó lọ aṣọ náà pẹ̀lú áyọ́ọ̀nù títí kò fi sí ìlà kankan lára rẹ̀ mọ́, ó ṣì ń lọ̀ ọ́. Èyí tó ti ṣe wòlíì èké ló wà ní ìkẹrin. Ìkárùn-ún ni èyí tó ti ṣe ọba, tí gbogbo Nàìjíríà fẹ́ràn. Àwa gbà pé ariwo rẹ̀ ti pọ̀ jù.

Ẹni kẹta nínú ọ̀rọ̀ yìí ni ìyá Àṣàbí, tó wà ní Kétu. Bọ́sẹ̀, àbúrò Àṣàbí, ló ń gbé pẹ̀lú rẹ̀, òun ló sì máa ń fi fíìmù hàn án lórí fóònù. Ní ọ̀sán ọjọ́ Sọ́ńdè, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, Màmá yóò pè. Èyí tó ti ṣe onílé tó ń díbọ́n bí adití, tí àwa fi sí ipò kẹta, ni Màmá máa ń tì sí ipò kìíní.

"Màmá, ẹ tún ti gbé onílé adití sókè," Àṣàbí á wí.

"Ibẹ̀ ló ti wà tẹ́lẹ̀. Ìwọ lò ń gbé e sọ̀kalẹ̀ ní Nàìjíríà."

"Ẹ̀rín lásán ló pa yín."

"Ṣé ẹ̀rín kì í ṣe iṣẹ́ ni? Ìwọ pa mí lẹ́rìn-ín kí n rí i."

"Ó dáa, ẹ bi ọkọ mi."

"N kò bi í. Ọkọ rẹ kò lẹ́nu."

Òótọ́ ni, n kò lẹ́nu. Mo máa ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ Àṣàbí, mo ń gbọ́ wọn. Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, n kì í rántí pé àjò ni mo wà.

Ọ̀fun Àṣàbí ló bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Lẹ́yìn náà ọrùn rẹ̀ wú. Wọ́n ní iṣẹ́ abẹ ni. Ó wọ yàrá iṣẹ́ abẹ lówùúrọ̀, ó ní kí n ra ọsàn dè é. Kò jáde láàyè. Mo mọ ẹni tí mo lè bú, Ọlọ́run ni, n kò sì bú U.

A sin ín sí itẹ́ òkú kan lọ́nà Ìgándò. A kò pọ̀. Bọ̀dá Fẹ̀lísì, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, ló wá láti Kétu. Nígbà tí a padà dé ilé, ó ti ilẹ̀kùn.

"Màmá ò gbọdọ̀ gbọ́," ó ní.

"Títí di ìgbà wo?"

"Tó bá yá. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọmọ méjì ti kú mọ́ ọn lójú. Nígbà èyí tó kẹ́yìn, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ga, ẹnu rẹ̀ fẹ́ẹ̀ yí. Ẹ̀kẹta yóò gbé e lọ."

"Bó bá ní òun fẹ́ bá a sọ̀rọ̀ ńkọ́?"

"Ó mọ̀ pé ọ̀fun ni wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún. Dókítà ní kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin ni ẹ ó máa bá a sọ ọ́."

Kì í ṣe ohun tuntun lọ́dọ̀ wa. Wọn kì í ṣàdédé tú ọ̀fọ̀ ọmọ fún arúgbó. Wọ́n lè fi pamọ́ fún un títí òun náà yóò fi lọ. Mo mọ ìyá kan ní àdúgbò wa tó kú níbi tó ti ń retí ọmọ tí a ti sin. Bí wọn yóò bá tilẹ̀ sọ ọ́, àwọn àgbà ni yóò jókòó tì í ní ìdájí, wọn yóò máa bu ọ̀rọ̀ náà sọ fún un díẹ̀díẹ̀. A kì í fi fóònù sọ ọ́. Mo gbà fún Bọ̀dá Fẹ̀lísì. Ó jẹ́ àna mi, n kò sì lágbára àtijiyàn.

Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, Màmá pè.

"Ọkọ Àṣàbí."

"Mo dọ̀bálẹ̀, Màmá."

"Àṣàbí ń gbọ́?"

"Ó ń gbọ́, Màmá."

"Sọ fún un pé mo tún wo ti mẹ́gáàdì lánàá. Mo lè gbé e dé ipò kejì báyìí."

Mo yíjú sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì tó ṣófo. N kò mọ ìdí tí mo fi yíjú. "Ó ní ipò kìíní ni, Màmá. Ó ní ẹ má ná an bí ẹja."

Màmá rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un. "Ẹnu rẹ̀ nìyẹn," ó ní. "Wọ́n la ọ̀fun, wọn ò la ẹnu."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é. Kò ṣòro. Mo mọ gbogbo ohun tí Àṣàbí ti sọ nípa fíìmù kọ̀ọ̀kan. Bí Màmá bá gbé wòlíì èké sókè, mo mọ èébú tó tọ́ sí i. Láti ọjọ́ Fúráìdè ni mo ti máa ń ronú ohun tí yóò sọ lọ́jọ́ Sọ́ńdè, níbi tí mo ti dojúkọlẹ̀ tí mò ń fi òòlù rọ́bà gbá táìsì mọ́lẹ̀. Àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ máa ń sọ pé Kútọnu ti ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí sìmẹ́ńtì.

Ìyá Rìdíwà, ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń gbé yàrá kejì, pàdé mi lẹ́bàá ẹ̀rọ omi.

"Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Ògiri wa fẹ́lẹ́. Ta lẹ máa ń bá sọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ fi ń ní, 'Àṣàbí ní, Àṣàbí ní'?"

Mo sọ fún un. Ó gbé korobá rẹ̀ sílẹ̀.

"Ìnnà lílláhì. Màmá náà ò mọ̀?"

"Kò mọ̀."

"Ẹ̀yin wá ńkọ́? Ìgbà wo lẹ fẹ́ sunkún tiyín, tẹ́ ẹ bá ń pe ẹni tó kú síbi oúnjẹ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀?"

Mo bá a gbé korobá náà lé e lórí. Bí Màmá bá gbọ́, ó lè kú. Bí kò bá sì kú, ọjọ́ Sọ́ńdè mi yóò parí, nítorí kò sí ẹlòmíràn láyé tó ń bi mí léèrè Àṣàbí. Ohun méjèèjì ni mò ń ṣọ́. N kò lè sọ èyí tí mò ń ṣọ́ jù.

Lẹ́yìn ìyẹn ni fíìmù tuntun dé.

Àlàní Pẹ̀lẹ́ ti darúgbó nínú rẹ̀. Ó ṣe ọlọ́kọ̀ ojú omi kan tó ń tu àwọn ènìyàn kọjá odò, títí ìjọba fi ṣe afárá síbẹ̀. Kò sí ẹni tó wọ ọkọ̀ rẹ̀ mọ́. Síbẹ̀ ó ń jí lọ. Ibì kan wà tó ti dá tu ọkọ̀ náà kọjá, tó gúnlẹ̀, tó na ọwọ́ bí ẹni tó ń ran èrò lọ́wọ́ láti sọ̀ kalẹ̀, tí kò sì sí ẹnikẹ́ni. Gbogbo Ìkòtún ló ń sọ ọ́. Ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ra táìsì, àwọn méjì fẹ́ẹ̀ jà lórí rẹ̀.

Mo wò ó ní ọ̀sán Sátidé. Mo gbé fóònù ti agolo mílíìkì, mo jókòó sí apá tèmi lórí àga. Nígbà tó parí, mo dúró kí n gbọ́ ohun tí Àṣàbí yóò sọ. N kò gbọ́ nǹkan kan.

Mo tún un wò. Mo ní yóò fẹ́ràn bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe di àjẹ̀ mú. Lẹ́yìn náà mo ní, rárá, yóò ní ó ti rẹ̀ ẹ́, ó ń fi ọjọ́ orí tọrọ àánú. Mo sọ ọ́ síta, báyìí àti báyẹn. Méjèèjì jọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, ọ̀kankan kì í sì í ṣe tirẹ̀. Gbogbo fíìmù tó kù, ó ti wò wọ́n. Èyí, kò wò ó. Kò ní í wò ó.

Mo rí pósí rẹ̀. Mo da erùpẹ̀ sí i. Nínú gbogbo rẹ̀, ikú rẹ̀ kò wọ̀ mí lára bíi ti ọ̀sán yẹn, tí mo jókòó níwájú agolo mílíìkì tí n kò mọ ipò tí ìyàwó mi ìbá fi ọlọ́kọ̀ sí.

Ní ọjọ́ kejì, Màmá pè.

"Ọkọ Àṣàbí, ṣé ẹ ti wò ó?"

"Mo ti wò ó, Màmá."

"Bọ́sẹ̀ ní kí n má sunkún mọ́. Ọkùnrin yẹn fẹ́ pa mí. Ipò wo ni Àṣàbí fi í sí?"

Mo gbọ́ adìẹ nínú àgbàlá wọn.

"Ṣé nẹ́tíwọ̀kì ni?" ó ní.

"Rárá, Màmá."

"Ipò wo ni Àṣàbí fi í sí?"

Ipò kejì wà lórí ahọ́n mi. Bí mo bá sọ ọ́, yóò bá a jà lórí rẹ̀, a ó rẹ́rìn-ín, ó di ọ̀sẹ̀ mìíràn. Ṣùgbọ́n yóò jẹ́ ọ̀rọ̀ tí Àṣàbí kò sọ, tí kò sì lè sọ láéláé, èmi ni n ó sì fi í sí i lẹ́nu.

"N kò mọ̀, Màmá."

"O ò bi í?"

"N kò lè bi í."

"Àṣàbí tí mo bí," ó ní, "kì í wo Àlàní kó dákẹ́. Bí wọ́n bá dí i lẹ́nu, á fi ọwọ́ sọ ọ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Ìgbà wo ni?"

"Ọjọ́ iṣẹ́ abẹ náà ni, Màmá."

Mo gbọ́ ohùn Bọ́sẹ̀ lẹ́yìn, ó ń béèrè pé kí ló dé. Màmá ní kó dákẹ́.

"Níbo lẹ sin..." Ó dúró. "Má sọ ọ́ fún mi. Ìyá kì í mọ ibẹ̀."

"Mi ò ní sọ ọ́, Màmá."

"Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin lẹ jẹ́ kí n máa rẹ́rìn-ín lórí òkú ọmọ mi."

"Ẹ dárí jì wá, Màmá."

Igbe Bọ́sẹ̀ ni mo gbọ́ kẹ́yìn kí fóònù tó gé.

Bọ̀dá Fẹ̀lísì pè kí n tó dìde níbi tí mo jókòó sí. "Fóònù," ó ní. "Fóònù lẹ fi tú ọ̀fọ̀ fún arúgbó. Èkó ti bà yín jẹ́. Ọmọ Kétu kan kò lè ṣe èyí."

Ní Ìkòtún, Kútọnu ni mí. Ní Kétu, ará Èkó ni mí, láti ọdún tí mo lọ sin bàbá mi tí àwọn ọmọdé ń sín ohùn mi jẹ. Ẹnì kan ṣoṣo ló wà tí n kì í ṣe àlejò lójú rẹ̀, ó sì wà lọ́nà Ìgándò.

Bọ́sẹ̀ kọ̀wé ránṣẹ́ sórí fóònù pé Màmá kò jẹun. Lẹ́yìn náà, pé wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù. Lẹ́yìn náà, pé ó ti padà sílé, ṣùgbọ́n kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Mo ka gbogbo rẹ̀ fúnra mi, mo sì kábàámọ̀ pé mo mọ̀wé. Ọjọ́ Sọ́ńdè ń dé, ó ń kọjá. Bó bá di ọ̀sán, mo máa ń gbé fóònù kúrò nítòsí, mo tún máa ń lọ gbé e padà. Níbi iṣẹ́, wọ́n ń jiyàn lórí ọlọ́kọ̀.

"Baba Kútọnu, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Àlàní dáadáa, ipò wo lẹ fi í sí?"

"N kò tíì fi í síbì kankan."

"Ẹ ò tíì wò ó ni?"

"Mo ti wò ó."

Wọ́n fi mí sílẹ̀. Ìyá Rìdíwà gbọ́ mi nípasẹ̀ ògiri tó fẹ́lẹ́ yẹn, ohun tó sì gbọ́ lásìkò yìí kì í ṣe "Àṣàbí ní", ẹkún ni. Ó gbé ẹ̀kọ gbígbóná sí ẹnu ọ̀nà mi lówùúrọ̀, ó kan ilẹ̀kùn, ó lọ.

Sọ́ńdè kan tí òjò ti ń rọ̀ láti àárọ̀, fóònù dún.

"Ọkọ Àṣàbí."

Ohùn rẹ̀ ti kéré. Mo dọ̀bálẹ̀ lóòótọ́, lórí ilẹ̀ pálọ̀, pẹ̀lú fóònù létí. "Mo dọ̀bálẹ̀, Màmá."

Ó ń mí. Mo ń retí èpè. Mo ti pinnu pé bó bá ṣẹ́ mi lépè, n ó ṣe àmín.

"Kí lo jẹ?" ó ní.

"Màmá?"

"Mo ní kí lo jẹ láti àárọ̀."

Láti ìgbà tí mo ti fẹ́ ọmọ rẹ̀, kò bi mí ní ìbéèrè yẹn rí. Àṣàbí ló máa ń bi, kí lo fún ọkọ rẹ jẹ. Ọ̀rọ̀ 'ẹ̀bà' ti wà lẹ́nu mi láti fi dáhùn. Irọ́ ti mọ́ mi lára.

"N kò jẹ nǹkan kan, Màmá."

"Kí ló wà nílé?"

"Ẹ̀wà wà. Àlùbọ́sà wà."

"Dìde, lọ ṣa ẹ̀wà náà. Má pa fóònù."

"Yóò pẹ́ kó tó jinná, Màmá."

"Ibo ni mò ń lọ?"

Mo dìde. Mo gbé fóònù sí ojú fèrèsé, mo da ẹ̀wà sínú àwo fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa òkúta inú rẹ̀. Láti Kétu, mo gbọ́ tí ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, tí ó fa àga rẹ̀ sún mọ́ tòsí.